Ẹ̀KỌ́ ÌRÁNTÍ: HILDEGARD ARÁ BINGEN, ARÍRAN, OLÙWÒSÀN ÀTI AKỌRIN

Kíkà Bíbélì: 1 Sámúẹ́lì 16:14-23, Orin Dáfídì 150, 1 Kọ́ríńtì 12:4-11.

Àkọ́sórí: Ẹsẹ tí ó kẹ́yìn nínú Orin Dáfídì 150. Kí olúkúlùkù ṣí Bíbélì rẹ̀, kí ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

Kókó ẹ̀kọ́: Ìran, ìwòsàn àti orin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí a bá dí ọ̀kan lẹ́nu, ara àwọn yòókù kò ní yá.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Irú ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ láàárín àwọn onígbàgbọ́. Aríran á ní, "Èmi ni ojú ìjọ." Ẹni tí ó ní ẹ̀bùn ìwòsàn á ní, "Bí kì í bá ṣe tèmi, ta ni ìbá wá síbí?" Bó bá wá kan àwọn akọrin, wọn á ní, "Ẹ máa kọrin díẹ̀ ná, kí àwọn èèyàn tó pé." Ẹ ẹ̀ rí i? Bí ẹni pé orin jẹ́ ẹní tí a tẹ́ fún àlejò, tí a óò ká kúrò nílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ gidi bá bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tí a ń rántí nínú ẹ̀kọ́ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rí ìran, ó tọ́jú aláìsàn, ó kọ orin, ó sì kọ́ àwọn èèyàn pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ó di arúgbó ẹni 80 ọdún, àwọn aláṣẹ ìjọ fi òfin dí orin lẹ́nu nínú ilé rẹ̀. Ohun tí ó ṣe nígbà náà ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí wà.

Orúkọ rẹ̀ ni Hildegard. Ìjọ Àgùdà ni ó wà, ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe èèyàn wa, kò sì mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ óò rí i pé ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa.

1. BÍ A ṢE BÍ I, ÀTI BÍ A ṢE FI Í FÚN ỌLỌ́RUN

Ọdún 1098 ni wọ́n bí Hildegard, ní agbègbè odò Rhine. Hildebert ni bàbá rẹ̀, Mechthild ni ìyá rẹ̀. Ọlọ́lá ni wọ́n. Ìtàn sọ pé ọmọ kẹwàá ni, àti pé bí èèyàn ti ń san ìdámẹ́wàá irè oko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ fi ọmọ kẹwàá jọ́wọ́ fún Ọlọ́run.

Ọmọ náà kò lágbára. Àìsàn ni ó bá a dàgbà, àìsàn náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi dàgbà di arúgbó. Láti kékeré ni ó ti ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ẹlòmíràn kò rí. Ní ọjọ́ kan ó bi obìnrin tí ń tọ́ ọ léèrè bóyá òun náà ń rí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ojú ń rí. Obìnrin náà ní rárá o. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọdún 1112, wọ́n fi í sílé àdúrà pẹ̀lú obìnrin ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Jutta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Disibodenberg. Jutta ni ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà, Orin Dáfídì sì ni ìwé tí ó fi kọ́ ọ. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kankan. Títí ó fi kú ni ó ń pe ara rẹ̀ ní obìnrin tí kò kàwé. Nígbà tí Jutta kú ní 1136, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yan Hildegard ní olórí wọn.

2. ÌRAN RẸ̀, ÀTI BÍ Ó ṢE GBÀ KÍ A DÁN AN WÒ

Ní 1141, nígbà tí ó pé ọdún 42 àti oṣù méje, ìmọ́lẹ̀ bí iná sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run wọ inú orí àti àyà rẹ̀. Ó ní kò jó òun, ṣùgbọ́n ó mú òun gbóná bí oòrùn ti ń mú ohun tí ó ràn sí gbóná. Lójú kan náà ni ìtumọ̀ Orin Dáfídì àti Ìhìnrere ṣí sí i. Ohùn kan sì pàṣẹ fún un pé kí ó kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́.

Ó kọ̀. Kì í ṣe agídí, ìtìjú àti ẹ̀rù ni. Kí ni àwọn èèyàn óò wí? Obìnrin tí kò kàwé, kí ó máa kọ ìwé nípa Ọlọ́run? Bó ti kọ̀ ni àìsàn gbé e dè mọ́ ibùsùn. Ìgbà tí ó mú kálámù ni ara rẹ̀ yá. Ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tí ń jẹ́ Volmar ń bá a tún èdè Látìnì rẹ̀ ṣe. Ọdún 10 ni ó fi kọ ìwé náà, tí a ń pè ní Scivias, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Mọ àwọn ọ̀nà". Ìran 26 ni ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin aríran, ẹ kíyè sí ohun méjì níbí yìí. Èkíní, Hildegard sọ pé òun kì í sùn nígbà tí òun bá ń ríran, iyè òun kì í sì í ṣí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó mọ ibi tí ó wà, ó mọ ẹni tí ó jókòó tì í.

Èkejì, kò gbé ìran rẹ̀ sórí ìjọ bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú wò. Ó kọ lẹ́tà sí Bernard ará Clairvaux, ẹni tí gbogbo ayé ìgbà náà ń bọ̀wọ̀ fún, ó ní kí ó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Póòpù Eugenius Kẹta. Nígbà tí Póòpù yìí wà ní ìlú Trier láàárín 1147 àti 1148, wọ́n ka díẹ̀ nínú ìwé náà níwájú àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ó sì fún un láṣẹ kí ó máa kọ ọ́ lọ. Ọdún mẹ́fà ti kọjá láti ìgbà tí iná náà ti sọ̀ kalẹ̀. Ìran òtítọ́ kì í sá fún àyẹ̀wò.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan sọ pé àfàìmọ̀ ni kì í ṣe ẹ̀fọ́rí túúlu ni ó ń jẹ́ kí ó rí ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, èso ni a fi ń mọ igi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni orí ń fọ́, tí wọn kò kọ ìwé kan.

3. IṢẸ́ ÌWÒSÀN RẸ̀

Ní nǹkan bí 1150, Hildegard kó àwọn obìnrin bí 20 kúrò ní Disibodenberg lọ sí Rupertsberg, lẹ́bàá ìlú Bingen. Ó ní Ọlọ́run ni ó rán òun. Kuno, olórí àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Hildegard dùbúlẹ̀ àìsàn, ara rẹ̀ le gbagidi bí òkúta. Kuno fúnra rẹ̀ wá gbìyànjú láti gbé orí rẹ̀ sókè, kò lè gbé e. Ibẹ̀ ni ó ti yọ̀ǹda. Ilé tí wọ́n bá níbẹ̀ ti wó, ìyà sì jẹ wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn ti wá ń rọ́ wá bá a.

Ẹ má rò pé àdúrà nìkan ni ó ń gbà fún wọn o. Ó mọ ewé, ó mọ egbò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ kan tí a ń pè ní Physica ní apá mẹ́sàn-án: ewéko, ilẹ̀ àti omi, igi, òkúta, ẹja, ẹyẹ, ẹran, ejò àti irú wọn, àti irin. Ìwé kejì, Causae et curae, sọ ohun tí ń fa àìsàn àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Atalẹ̀ tí àwa ń rí lọ́jà wà nínú Physica. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ, tí okun ń tán nínú rẹ̀, lè lọ̀ ọ́ kúnná kí ó fi sí omi ọbẹ̀ mu níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó sì sanra, kí ó má ṣe sọ ọ́ di oúnjẹ. Ohun tí ó wo ẹnìkan sàn lè pa ẹlòmíràn lára, ìdí nìyẹn tí ó fi ń wo ara ẹni kí ó tó wo oògùn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kọ ni àwọn dókítà gbà lónìí. Ìmọ̀ ìgbà ayé rẹ̀ ni ó lò. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì máa gbàdúrà. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Hildegard fẹ́ràn gan-an. Viriditas ni, ní èdè Látìnì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni títutù yọ̀yọ̀ ewé, omi ìyè tó wà nínú ohun tí ń hù. Ó ní agbára Ọlọ́run ni. Òun ni ó wà nínú koríko, òun ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, òun náà ni ó wà nínú ọkàn tí ó mọ́. Àwa tí a mọ bí oko ti í rí nígbà ọyẹ́, àti bí ó ti í rí lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le jù fún wa láti mọ̀. Aláìsàn ni ewé ìgbà ọyẹ́. Olùwòsàn kì í ṣe òjò, ọ̀nà tí òjò gbà wá ni.

Ìtàn méjì péré ni mo fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ ìwòsàn rẹ̀. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Rhine, nítòsí Rüdesheim, nígbà tí obìnrin kan gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ fọ́ wá bá a, tó ń sunkún. Hildegard fi ọwọ́ òsì bu omi odò náà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún súre sí i, ó wọ́n ọn sójú ọmọ náà, ọmọ náà sì ríran.

Ìtàn kejì ni ti Sigewiza, obìnrin tí ẹ̀mí èṣù ti ń dà láàmú fún ọdún púpọ̀. Wọ́n ti gbé e káàkiri, kò gbọ́. Hildegard kọ ètò àdúrà ránṣẹ́ pé kí àlùfáà méje dúró tì í. Ẹ̀mí náà yọ ṣùtì sí i, ó ń yí orúkọ rẹ̀ po láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì padà wọlé. Nígbà tí ó yá, ní 1169, wọ́n mú Sigewiza wá sí Rupertsberg. Hildegard fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó gbà á sílé. Láti ọjọ́ kejì oṣù kejì títí di ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, gbogbo ilé àti àwọn ará àdúgbò gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ń ṣe ìtọrẹ àánú nítorí obìnrin kan ṣoṣo. Ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú Àjíǹde, nígbà tí wọ́n ń ya omi ìrìbọmi sí mímọ́, ẹ̀mí náà jáde. Ẹ ẹ̀ rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún? Lẹ́yìn náà, Sigewiza kò kúrò lọ́dọ̀ wọn mọ́.

4. ORIN, ÀWÒRÁN ÀTI AṢỌ FUNFUN

Orin tí ó kọ tó bí 77, yàtọ̀ sí eré olórin kan tí ń jẹ́ Ordo Virtutum. Òun ni ó kọ ọ̀rọ̀ wọn, òun náà ni ó kọ ohùn wọn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun ní orin kíkọ. Ohùn àwọn orin náà máa ń lọ sílẹ̀ pátápátá, á tún gòkè réré bí ẹyẹ.

Nínú Ordo Virtutum, Ọkàn èèyàn wà láàárín. Àwọn Ìwà Rere bí Ìrẹ̀lẹ̀, Ìfẹ́ àti Sùúrù ń pè é. Èṣù náà ń pè é. Gbogbo wọn ń kọrin, àfi Èṣù. Igbe ni ó ń ké. Hildegard kò fún un ní orin kankan. Ó ti sọ orin nù, kò sì lè rí i mọ́.

Ìran rẹ̀ pẹ̀lú di àwòrán. Wọ́n ya àwòrán 35 sínú Scivias kan tí wọ́n ṣe ní Rupertsberg, pẹ̀lú wúrà àti fàdákà. Nínú àwòrán ìṣáájú, Hildegard jókòó, ọ̀já iná láti òkè wá sórí rẹ̀, ó ń kọ nǹkan sórí wàláà, Volmar sì na ọrùn wọlé láti fetí sí i.

Ẹ̀yin aláṣọ funfun, èyí kàn yín. Ní ọjọ́ àjọ̀dún, Hildegard ń jẹ́ kí àwọn obìnrin rẹ̀ wọ ìborí ṣẹ́dà funfun tó gùn dé ilẹ̀, pẹ̀lú adé wúrà lórí, nígbà tí wọ́n bá ń kọ Orin Dáfídì. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Tenxwind, olórí ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Andernach, kọ lẹ́tà bá a wí. Ó ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Hildegard dáhùn pé àwọn wúńdíá náà ti di ìyàwó Ọ̀dọ́ Àgùntàn, aṣọ funfun sì ni aṣọ ìgbéyàwó wọn.

Ìdáhùn yẹn dára. Ṣùgbọ́n Tenxwind bi í ní ìbéèrè kejì: kí ló dé tí àwọn ọmọ ọlọ́lá nìkan ni ẹ ń gbà sílé, tí ẹ kò gba ọmọ tálákà? Ìdáhùn Hildegard sí èyí kò tẹ́ni lọ́rùn. Ó ní a kì í kó màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àgùntàn àti ewúrẹ́ sínú gàá kan. Ẹ̀yin ará, Jésù kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àpẹja ni Ó fi ṣe àpóstélì. Ẹni ńlá ni Hildegard, ṣùgbọ́n ẹ̀dá ni. Kí a mú ohun tí ó dára lọ́wọ́ rẹ̀, kí a fi èyí tí kò dára sílẹ̀. Aṣọ funfun tí kò gba tálákà mọ́ra, ìdọ̀tí ti wà lára rẹ̀.

5. NÍGBÀ TÍ WỌ́N DÍ ORIN LẸ́NU

Ní 1178, ọkùnrin ọlọ́lá kan kú, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Rupertsberg. Ìjọ ti lé ọkùnrin yìí jáde tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti dárí jì í, ó sì ti gba oúnjẹ Olúwa kí ó tó kú. Àwọn aláṣẹ ìjọ ní ìlú Mainz kò gbà. Wọ́n ní kí wọ́n hú òkú náà síta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí orin, kò sí oúnjẹ Olúwa mọ́ ní ilé náà.

Kí ni arúgbó yìí ṣe? Kò hú òkú. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ṣe àmì àgbélébùú lórí ibojì náà, ó sì pa ojú rẹ̀ rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ibi tó wà. Ẹni tí Ọlọ́run ti dárí jì, ta ni ó fẹ́ hú u síta?

Ṣùgbọ́n ó gba ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Wọ́n dákẹ́ orin. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń ka Orin Dáfídì wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ rò ó wò. Ilé tí ó ti ń kọrin tọ̀sán-tòru láti ọdún bí 28, kí ó dákẹ́ bí ilé òkú. Ìbànújẹ́ bá gbogbo wọn.

Hildegard wá kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ náà. Kò bú wọn. Ó ṣàlàyé ohun tí orin jẹ́. Ó ní kí Ádámù tó ṣẹ̀, ohùn rẹ̀ bá ti àwọn áńgẹ́lì mu. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ó gba ohùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, Ó mí sí àwọn wòlíì kí wọ́n kọ Orin Dáfídì, kí wọ́n sì ṣe ohun èlò orin, kí èèyàn lè rántí ilé tí ó ti wá. Ó fi Orin Dáfídì 150 ṣe ẹ̀rí. Ó ní ara ni aṣọ ọkàn, ó sì yẹ kí ara náà fi ohùn yin Ọlọ́run pẹ̀lú ọkàn. Ó ní nígbà tí Èṣù gbọ́ pé èèyàn ń kọrin, ara rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí náà ni ó fi ń wá ọ̀nà láti pa orin náà, àní nínú ìjọ pàápàá. Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá dí ìyìn Ọlọ́run lẹ́nu láìnídìí tó dájú, kò ní bá àwọn áńgẹ́lì pín nínú ìyìn ọ̀run.

Ó ń kọ lẹ́tà, ó sì ń wá ẹlẹ́rìí. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Cologne bá a dá sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 1179, Christian, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Mainz, tí ó wà ní ilẹ̀ Ítálì nígbà náà, kọ̀wé pé kí wọ́n mú òfin náà kúrò. Orin padà sílé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Hildegard sùn nínú Olúwa, ẹni ọdún 81.

6. OHUN TÍ Ó KÙ LẸ́YÌN RẸ̀

Ogun ba Rupertsberg jẹ́ ní 1632. Ìwé Scivias tí ó ní àwòrán wúrà sọnù ní 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Eibingen, ibi tí Hildegard ti dá ilé kejì sílẹ̀ ní 1165, ti fi ọwọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀ láti 1927 sí 1933. Ẹ̀dà yẹn ni ayé ń wò lónìí. Ẹni bá fẹ́ kí ohun rere pẹ́, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ilé tó jó. Orin tó ń bẹ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà wa, ṣé a ti kọ ọ́ sílẹ̀? Ní ọdún 2012, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kà á kún àwọn ẹni mímọ́, ó sì pè é ní Olùkọ́ Ìjọ, obìnrin kẹrin tí wọ́n fi orúkọ yẹn dá lọ́lá.

7. Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

(a) Àìlera kì í dí ẹni tí Ọlọ́run yàn lọ́wọ́. Aláìsàn ni ó wo aláìsàn.

(b) Aríran tòótọ́ a máa jẹ́ kí a yẹ ìran rẹ̀ wò.

(d) Ewé àti àdúrà ò bá ara wọn jà. Ẹni kan ṣoṣo ni ó dá ewé tí ó sì ń gbọ́ àdúrà.

(e) Orin kì í ṣe ohun ìdúródìgbà. Háàpù Dáfídì ni ó tu Sọ́ọ̀lù lára. Akọrin tí ó pẹ́ dé, tí kò gbàdúrà kó tó dé, oògùn àwọn aláìsàn ni ó ń fi ṣeré.

(ẹ) Bí àwọn àgbà bá ṣì wá dá lẹ́jọ́, kí a má dá ìjọ rú, kí a má sì ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn kọ̀. Kí a fi sùúrù sọ òtítọ́ títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí.

ÌBÉÈRÈ

1. Ọdún mélòó ni Hildegard nígbà tí a pàṣẹ fún un pé kí ó kọ ìran rẹ̀? Kí ló dé tí ó kọ́kọ́ kọ̀?
2. Kí ni ìtumọ̀ viriditas? Sọ ohun kan nínú ìgbésí ayé rẹ tí ó ti gbẹ, tí o fẹ́ kí Ọlọ́run bomi rin.
3. Kí ló dé tí Èṣù kò fi kọrin nínú Ordo Virtutum?
4. Nínú ìdáhùn méjì tí Hildegard fún Tenxwind, èwo ni ó bá Ìhìnrere mu, èwo ni kò bá a mu?
5. Kà 1 Sámúẹ́lì 16:23 lẹ́ẹ̀kan sí i. Báwo ni ẹgbẹ́ akọrin ṣe lè bá àwọn tí ń gbàdúrà fún aláìsàn ṣiṣẹ́ pọ̀?

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ tí ò ń fi ìrì tu ewé lára, tu àwọn tí àìsàn ti mú gbẹ lára. Fún aríran ní ìrẹ̀lẹ̀, fún olùwòsàn ní sùúrù, fún akọrin ní ọkàn mímọ́. Má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa dí ẹnu tí Ìwọ fi orin sí. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.